Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Kíkọ́ Ìkànnì fún Àkójọ Ìgò, Agolo àti Ìdérí Bíà

Ẹni tí ó ń kó ìgò bíà jọ kì í ṣe ọ̀mùtí, bí àwọn ará ilé rẹ̀ tilẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìgò òfìfo, agolo, ìdérí, lébẹ́ẹ̀lì tí ó fi omi gbígbóná rọra bó lára ìgò, àti páálí pelebe tí àwọn ilé ọtí ń gbé ife lé ni ó kún yàrá rẹ̀. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣí ìkànnì lórí fóònù rẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni ó fẹ́ kí ó dáhùn: kí ni mo ní, ibo ni mo gbé e sí, àti pé ǹjẹ́ èyí tí ọlọ́jà yìí nà sí mi kò ti wà nílé? Mo ti kọ́ irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti tún un kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ kìlọ̀ nípa wọn níhìn-ín, ọwọ́ èmi náà ni wọ́n ti wá.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ máa ń wáyé kí ẹnikẹ́ni tó tẹ kóòdù kankan, òun náà ni àfarawé àwọn ìkànnì tí a kọ́ fún àwọn tí ń mu ọtí. Untappd, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010, ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa: ó ń ṣe àkọsílẹ̀ ọtí tí ènìyàn mu, ibi tí ó ti mu ún, àti máàkì tí ó fún un. Ṣùgbọ́n olùkójọ tí ó ra ìgò òfìfo tí ó ti dàgbà ju òun fúnra rẹ̀ lọ kò ní máàkì kankan láti fún ọtí tí kò sí nínú rẹ̀. Bí ìkànnì yín bá fi dandan lé e pé kí ènìyàn sọ bí ọtí ṣe dùn tó kí ó tó lè fi nǹkan pamọ́, irọ́ ni àwọn ènìyàn yóò máa kọ síbẹ̀, irọ́ náà yóò sì jókòó sínú dátà yín.

Ọtí kan, ẹ̀dà púpọ̀

Èyí tí ó burú jù nínú gbogbo wọn ni kí a kó ohun gbogbo sínú tábìlì dátà kan ṣoṣo, kí ìlà kọ̀ọ̀kan sì máa jẹ́ "bíà" kan. Ẹ jẹ́ kí a fi Star ṣe àpẹẹrẹ. Ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 1949, wọ́n sì ń pọn ọtí náà títí di òní. Láàárín ìgbà náà, lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti yí padà, ìgò rẹ̀ ti yí padà, ó sì ti wọ inú agolo pẹ̀lú. Bí Star bá jẹ́ ẹyọ kan nínú tábìlì yín, ẹni tí ó ní oríṣi lébẹ́ẹ̀lì mẹ́sàn-án yóò bá ìkànnì tí ń sọ fún un pé "o ti ní èyí", yóò sì jẹ́ kí ẹ̀kẹwàá tí ó ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí a bá sì gba ọ̀nà kejì, tí a jẹ́ kí ìgò kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ pátápátá, àwọn ènìyàn yóò máa tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà gbogbo, ẹnìkan yóò kọ "Nigerian Breweries", ẹlòmíràn yóò kọ "NB Plc", ẹ̀kẹta yóò kọ "Nig. Breweries", kò sì ní pẹ́ tí ilé iṣẹ́ kan yóò fi di mẹ́ta.

Ìpele mẹ́ta ni ó yẹ kí ó wà. Ọtí fúnra rẹ̀ ni ìpele àkọ́kọ́, ẹ̀dà rẹ̀ sì ni ìkejì, ìyẹn irú lébẹ́ẹ̀lì, irú ohun tí a rọ ọtí sí, ìwọ̀n rẹ̀, àti ìgbà tí ó wà lórí àtẹ. Ìkẹta ni ẹyọ tí ó wà lọ́wọ́ olùkójọ: ibi tí ó ti sán, iye tí ó rà á, ọwọ́ ẹni tí ó ti rà á, àti páálí tí ó gbé e sí. Ẹni tí ó ní ìgò mẹ́ta tí ó bára mu, tí ó sì fẹ́ fi méjì ṣe pàṣípààrọ̀, nílò ẹ̀dà kan àti ẹyọ mẹ́ta. Nọ́ńbà "3" tí a kàn kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọtí kò lè sọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹnu rẹ̀ ti kán.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà tún lọ́jú pọ̀ ju báyìí lọ. Ìgò bíà wa kì í gbé ilé. Ó ń padà sí ilé iṣẹ́, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń rọ ọtí mìíràn sí i, wọ́n sì ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì tuntun mọ́ ọn. Nítorí náà, ìgò lè fi ọdún púpọ̀ ju lébẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ lọ, ìdérí tí ó wà lórí rẹ̀ sì lè jẹ́ àbúrò àwọn méjèèjì. Ìkànnì tí ó ní àyè ẹyọ kan fún ọdún yóò fi ipá mú olùkójọ láti yan ọ̀kan nínú òtítọ́ mẹ́ta. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: kí ẹ tó ya tábìlì kankan, ẹ jókòó síwájú pẹpẹ olùkójọ gidi, kí ẹ sì gbìyànjú láti kọ àádọ́ta nǹkan sílẹ̀ lórí ìwé. Kí ẹ tó dé ogún, ẹ ó ti rí i pé àwòrán tábìlì tí ẹ ní lọ́kàn kò lè gba ohun tí ó wà níwájú yín.

Ta ni ó pọn ọ́n, ta ni ó ni ín?

Ilé iṣẹ́ tí ó pọn ọtí, ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ náà, àti ìlú tí ilé iṣẹ́ wà jẹ́ ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìkànnì ló ń kó wọn sínú àyè kan. Guinness bẹ̀rẹ̀ ní Dublin ní ọdún 1759, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìkẹjà ṣí ní ọdún 1962, nígbà tí ó sì di ọdún 2024, Diageo, ilé iṣẹ́ tí ó ni Guinness, ta ìpín tí ó fi ń darí Guinness Nigeria fún ilé iṣẹ́ Tolaram. Bíà Goldberg náà ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ Sona bọ́ sí ọwọ́ Nigerian Breweries ní ọdún 2011. Àṣìṣe tí àwọn ènìyàn ń ṣe ni pé nígbà tí ilé iṣẹ́ bá yí ọwọ́ padà, wọn a pa orúkọ àtijọ́ rẹ́, wọn a sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀dà. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìgò tí orúkọ Sona wà lára rẹ̀ ketekete yóò di ti ẹlòmíràn nínú ìkànnì. Ẹ fi ọjọ́ tí ìní bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan máa gbé orúkọ tí a tẹ̀ sí ara rẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú ìgò pàápàá lè yí padà láìjẹ́ pé orúkọ yí padà. Ní ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi òfin de kíkó ọkà báálì tí a ti sọ di mọ́ọ̀tì wọlé, àwọn ilé iṣẹ́ ọtí sì kọjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Olùkójọ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fẹ́ ya lébẹ́ẹ̀lì tí ó ṣáájú ọdún náà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó tẹ̀lé e. Bí a bá ti lẹ àwọn èròjà mọ́ ọtí dípò ẹ̀dà, kò ní lè ṣe é.

Nọ́ńbà tí ń tan ni jẹ

Ẹ má ṣe fi bákóòdù ṣe ìdánimọ̀ tí gbogbo nǹkan dúró lé. Mo mọ ìdí tí ó fi wu àwọn ènìyàn: fóònù lè kà á ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ ka bákóòdù lára ọjà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú Troy, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, nítorí náà ohun tí àwọn olùkójọ fẹ́ràn jù lọ ti wà ṣáájú bákóòdù. Ìdérí àti páálí abẹ́ ife kì í sì ní i rárá. Yàtọ̀ sí èyí, ilé iṣẹ́ lè pààrọ̀ lébẹ́ẹ̀lì pátápátá láìpààrọ̀ bákóòdù. Nọ́ńbà 615 tí ó bẹ̀rẹ̀ bákóòdù Nàìjíríà kò sì sọ ibi tí wọ́n ti pọn ọtí. Ó kàn ń sọ ibi tí ilé iṣẹ́ ti forúkọ nọ́ńbà sílẹ̀ ni.

Àṣìṣe kékeré kan wà nínú èyí tí ó gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ mi. Mo fi bákóòdù pamọ́ gẹ́gẹ́ bí iye, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ bákóòdù Amẹ́ríkà ni ó fi òdo bẹ̀rẹ̀, dátábéèsì, ìyẹn ibi tí ìkànnì ń kó dátà sí, sì gé gbogbo òdo iwájú wọn dànù láìsọ nǹkankan. Excel náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí a bá fi í ṣí fáìlì.

Òdo tún ní ìjàngbọ̀n mìíràn. Bíà tí kò ní ọtí líle rárá wà, 0.0 ni wọ́n ń kọ sí ara rẹ̀. Ìgò àtijọ́ tí a kò mọ agbára rẹ̀ náà wà. Bí fọ́ọ̀mù yín bá ń fi òdo dí àyè tí ènìyàn kò kọ nǹkan sí, ìyàtọ̀ láàárín "kò sí" àti "a kò mọ̀" ti parẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò lè yà wọ́n mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ rí. Olùkójọ mọ̀ pé lébẹ́ẹ̀lì kan jáde "ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1969", ṣùgbọ́n ìkànnì béèrè ọjọ́ àti oṣù, ó bá fi January 1, 1960 sí i. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn ènìyàn yóò máa sọ fún ara wọn pé ọjọ́ ọdún tuntun ni lébẹ́ẹ̀lì náà jáde. Ẹ fi àyè méjì sílẹ̀, ọdún tí kò lè ṣáájú àti ọdún tí kò lè kọjá.

Níwọ̀n ìgbà tí ọdún bá ti tọ́, ìkànnì lè lò ó láti mú àṣìṣe. William Painter gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìdérí onírin tí a ń ká mọ́ ẹnu ìgò ní ọdún 1892, agolo bíà sì kọ́kọ́ dé ọjà ní Richmond, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní oṣù kìíní ọdún 1935. Ìkànnì tí ó gba "agolo, 1921" wọlé láìbéèrè pé "ṣé ó dá ọ lójú?" kò tíì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìwọ̀n ọtí ńkọ́? Mìlílítà ni kí ẹ fi pamọ́, nítorí pé páìǹtì Bìrìtìkó jẹ́ 568, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ 473.

Àmì orí àti àmì abẹ́ lẹ́tà

Àwa tí a ń kọ Yorùbá ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ èyí, síbẹ̀ a máa ń gbàgbé rẹ̀. Lẹ́tà "ẹ́", tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Bọ́tìnì fóònù kan lè kọ ọ́ ní ege méjì, òmíràn ní ege mẹ́ta, ojú kò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rí i. Ẹni tí ó tẹ "Ọ̀tà" láti orí fóònù kan lè má rí "Ọ̀tà" tí ẹlòmíràn tẹ̀ láti orí òmíràn. Ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di irú kan, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, kí ẹ tó fi wọ́n pamọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe àyè kejì tí a ti yọ àmì kúrò nínú rẹ̀, fún wíwá nìkan, kí ẹni tí ó tẹ "Ilesa" lè rí Iléṣà tí Trophy ti wá, kí ẹni tí ó tẹ "Plzen" sì rí Plzeň, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ pọn Pilsner Urquell ní ọdún 1842. Àṣìṣe tí mo rí níbi púpọ̀ ni pé kí wọ́n yọ àmì kúrò lára orúkọ gan-an "kí ó lè rọrùn". Kölsch, bíà ìlú Cologne ní Jámánì, tí a ti bọ́ láṣọ kò tún ní rí aṣọ rẹ̀ wọ̀ mọ́.

Fọ́tò, àti ilé tí ó wà nínú fọ́tò

Fọ́tò iwájú ìgò nìkan kò tó. Lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn àti ìdí ìgò ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Ẹ dín fọ́tò kù kí ẹ tó fi hàn, nítorí ojú ewé tí ó kó ogójì fọ́tò ńlá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yóò jẹ dátà ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ra á. Àmọ́ èyí tí ó léwu jù ni pé fọ́tò fóònù máa ń gbé ibi tí a ti yà á pamọ́ sínú ara rẹ̀. Olùkójọ tí ó gbé fọ́tò agolo olówó iyebíye síta ti lè fi ojúlé ilé rẹ̀ han olè. Ẹ jẹ́ kí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì yín wà lórí rẹ̀, nu àkọsílẹ̀ ibi náà kúrò nínú fọ́tò, kí ẹ má dúró de pé kí ẹni náà rántí.

Nígbà tí a bá ń tún un ṣe

Ìkànnì tí ó ti ní olùlò gidi kò ṣeé wó lulẹ̀ bí ahéré. Àwọn olùkójọ máa ń kọ nọ́ńbà tí ìkànnì fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan sára páálí, àwọn mìíràn sì máa ń tẹ kóòdù QR, wọn a lẹ̀ ẹ́ mọ́ pẹpẹ. Bí ẹ bá tún dátábéèsì kọ́ tí nọ́ńbà sì bẹ̀rẹ̀ láti 1, pẹpẹ inú ilé wọn gan-an ni ẹ dà rú. Nọ́ńbà tí a ti fún nǹkan kò gbọdọ̀ yí padà láéláé, a kò sì gbọdọ̀ fún ohun mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá da ẹ̀dà méjì tí ó jẹ́ ọ̀kan náà pọ̀, ẹ jẹ́ kí líǹkì èyí tí ó kúrò máa gbé ènìyàn lọ sí èyí tí ó kù, kí ẹ sì tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tí ó dà wọ́n pọ̀, nítorí lọ́jọ́ kan ẹnìkan yóò fi hàn yín pé wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Ẹ má sì gbà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò wà níbi tí olùkójọ wà. Ibi tí ó ti nílò ìkànnì jù ni gbọ̀ngàn tí èrò kún, tàbí ẹ̀yìn ilé ọtí kan, tí fóònù kò ti ní àmì kankan. Ó kéré tán, àkójọ ẹni náà gbọ́dọ̀ ṣeé kà níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ gbígbé dátà jáde, tí àwọn tí ń kọ́ ìkànnì máa ń fi sí ìparí, tí wọn kì í sì í dé ìdí rẹ̀. RateBeer, ìkànnì tí àwọn ènìyàn ti ń fún bíà ní máàkì, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, wọ́n sì tì í pa ní oṣù kejì ọdún 2025. Ìkànnì tí ó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ náà lè parí. Fáìlì tí ó ní orúkọ ọtí nìkan, tí kò ní nọ́ńbà, tí kò ní orúkọ fọ́tò, tí kò sì sọ páálí tí nǹkan wà, kò wúlò fún olùkójọ. Ẹ gbé e jáde fúnra yín, kí ẹ fún ẹni tí kò rí ìkànnì yín rí, kí ó fi fáìlì náà nìkan lọ wá ìgò Gulder kan nínú yàrá olùkójọ. Bí ó bá ṣí páálí tí fáìlì dárúkọ, tí ó sì bá Trophy níbẹ̀, ẹ padà sídìí kóòdù.