Bí mo ṣe fi ẹrẹ̀ ọ̀sà àti èérí ògì tan iná ní Bàrígà

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fi èérí pamọ́ lọ́la." Ìyá Ológì àdúgbò wa wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ lo fẹ́ máa sìn nínú yàrá kan ṣoṣo yẹn ni?" Mo ní rárá o, iná ni mo fẹ́ fi tàn.

Fuel cell ni mo fẹ́ ṣe, ìyẹn ohun èlò tó ń sọ agbára inú epo tàbí oúnjẹ di iná mànàmáná láìjó o; irú èyí tí kòkòrò àìfojúrí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni tèmi. Kì í ṣe idán: láti 1911 ni Michael Potter, onímọ̀ nípa ewéko ní Yunifásítì Durham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣe irú rẹ̀. Oòrùn ló mú àgbàdo dàgbà, èérí àgbàdo sì ni oúnjẹ àwọn kòkòrò náà. Bí wọ́n bá ń jẹ ẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, wọ́n á máa tu iná sára ohun tó bá lè gbà á.

Mo bu ẹrẹ̀ létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ ní Bàrígà, mo po èérí mọ́ ọn, díẹ̀ ni o, kó má baà kan jù. Mo tú àwọn bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú, mo yọ ọ̀pá dúdú àárín wọn. Ọ̀kan á wọnú ẹrẹ̀, èkejì á wà lókè nínú omi tí atẹ́gùn ń kàn. Mo yọ́ àbẹ́là bo ibi tí mo so wáyà mọ́ ọ̀pá, torí bàbà tó bá ń dípẹtà nínú ẹrẹ̀ lè gbé mítà tí a fi ń wọn iná sókè, kó sì tàn ọ́ jẹ.

Ibi tí mo ti ṣìṣe rèé. Inú bàsíà kan ṣoṣo ni mo ri ọ̀pá méjì-méjì lọ́nà mẹ́fà sí, mo so wọ́n tẹ̀léra. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án, mítà kò kọjá 0.5 volt. Mo ní wáyà ló já. Mo tú u, mo tún un so, ibì kan náà ló wà. Àṣé bí gbogbo wọn bá ti jọ wà nínú ẹrẹ̀ kan, ọ̀kan náà ni wọ́n, agbára wọn kò lè gorí ara wọn. Mo pín ẹrẹ̀ sí ike bọ́tà mẹ́fà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, 2.6 volt!

Gílóòbù LED pupa kékeré tàn, bí òwú àtùpà tí epo ti tán nínú rẹ̀. Ká sòótọ́, bí a bá pín watt kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ike mẹ́fà mi kò mú ìdá kan jáde nínú rẹ̀. Páńẹ́lì sólà 20 watt tó wà lórí òrùlé wa ni mo ṣì fi ń ṣáàjì fóònù.

Ìyá Ológì wá wò ó lálẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ bo imú. "Èyí náà ni iná ọ̀hún?"

Láti ọjọ́ kejì, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sin ewúrẹ́ ni èérí rẹ̀ ń lọ.