Ohun tó yanjú ìṣòro ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ màmá mi

Orí WhatsApp ni a ti máa ń fi iye ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ màmá mi ránṣẹ́ sí dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru wọn láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀rọ ilé ń sọ iye tó lé ní 170, bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì àdúgbò tó wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kan náà kò rí ju bíi 140 lọ. Ó ku díẹ̀ kí dókítà fi kún oògùn wọn.

A pààrọ̀ bátìrì, a gbìyànjú apá kejì. Kò sí ìyàtọ̀.

Tépù télọ̀ ló yanjú rẹ̀. Mo fi wọn òkè apá màmá yíká, láàárín èjìká àti ìgúnpá, ó sì jẹ́ 36 sẹ̀ǹtímítà, nígbà tí aṣọ ẹ̀rọ tí a ń wé mọ́ apá wà fún 22 sí 32. Aṣọ tó bá kéré jù máa ń mú kí iye náà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ra èyí tó tóbi, 32 sí 42, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ṣe, nítorí ti ẹlòmíràn lè má bá a mu. Ní báyìí, màmá á kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀ (èyí gan-an ló nira fún wọn), wọ́n á fi ẹ̀yìn ti àga, wọ́n á sì gbé apá sórí tábìlì kí ó wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú ọkàn. Iye tilé ti wá súnmọ́ ti nọ́ọ̀sì.

Ti ẹlòmíràn lè yàtọ̀. Bí aṣọ bá bá apá mu tí iye náà ṣì ga, ẹ pe dókítà kí ẹ tó fọwọ́ kan oògùn.