Bí Síísìn 18 ti The Simpsons Ṣe Ṣí Fún Mi

Àwo DVD náà wọlé, ó yí fìrìfìrì nínú ẹ̀rọ, ó sì dákẹ́. Ìlà kan ṣoṣo ló hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, "wrong region", kí ẹ̀rọ tó pọ̀ àwo náà jáde bí ìkókó tí wọ́n rọ lẹ́kọ tipátipá.

Màámi, tí wọ́n wá kí wa ní London láti Ìbàdàn, wo ojú mi.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní ibi tí àwo yìí ti wá kọ́ ni òun wà, Màámi."

"Ta ló bi í?"

Àǹtí mi tí wọ́n ń gbé ní Houston ni wọ́n fi páálí náà ránṣẹ́. Lọ́jà àlòkù ni wọ́n ti rí i, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sí mi lórí WhatsApp: "Bàbá Ìbejì, ṣé èyí lo ní ò ń wá?" Òun gan-an ni. The Simpsons, kátúùnù Amẹ́ríkà, síísìn kejìdínlógún, àwo mẹ́rin, ìpín méjìlélógún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá a, torí àlàfo kan wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù mi láàárín 17 àti 20, Ìyá Ìbejì sì ti sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ń gbé ìgò oògùn ikọ́ sí.

Àlàfo yẹn ní ìtàn. Ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 1989 ni ètò yìí bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Fox ní Amẹ́ríkà: Homer, Marge ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ mẹ́ta, Bart, Lisa àti Maggie, gbogbo wọn láwọ̀ ìyeyè. Wọn kì í dàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Bart nígbà náà, òun náà ló ṣì jẹ́ títí dòní. Ká ní ó ń dàgbà bí ọmọ èèyàn ni, ì bá ti lé lógójì. Ní 2001 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde lórí àwo DVD, wọ́n ń tò ó bọ̀ lẹ́sẹẹsẹ títí dé 12. Nígbà tí ètò náà wá pé ogún ọdún, wọ́n fò síwájú, wọ́n gbé 20 jáde ní oṣù Kìíní 2010, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó padà sí 13. Wọ́n rọra dé 17 ní oṣù Kejìlá 2014. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Al Jean, ọ̀gá àwọn tó ń kọ ètò náà, ní ó tán, àwo ò ní jáde mọ́. Àwa tí a ti ń rà á bọ̀ títí dé 17 fárígá. Ó tó 2017, ní Comic-Con, àpéjọ àwọn olólùfẹ́ kátúùnù àti fíìmù tí wọ́n ń ṣe ní San Diego, kí wọ́n tó kéde pé 18 ń bọ̀, ó sì jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún náà.

Ìyàwó mi ti bi mí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, pé kí ni mo ń fi àwo ṣe nígbà tí gbogbo rẹ̀ wà lórí Disney+, níbi tí èèyàn ti lè wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Disney+ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2019, wọ́n gé òkè àti ìsàlẹ̀ àwọn ìpín àtijọ́ kí àwòrán lè kún tẹlifíṣọ̀n fífẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó dùn mọ́ mi: Homer lọ wo ilé iṣẹ́ ọtí, táńkì mẹ́ta tò síbẹ̀, orúkọ ọtí mẹ́ta ló wà lára wọn, ṣùgbọ́n páìpù kan náà ló ń pọn sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òkè ni páìpù yẹn wà. Wọ́n gé e lọ, ẹ̀fẹ̀ kú. Wọ́n ti tún un ṣe ní oṣù Karùn-ún 2020, èèyàn lè yan bó ṣe wà látilẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi ò balẹ̀ mọ́. Èyí tó wà lórí àwo, kò sẹ́ni tó máa wá gé e lóru. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn tó kọ ètò náà tún ń sọ̀rọ̀ lórí ìpín kọ̀ọ̀kan nínú àwo, ìyẹn gan-an ni mo sì ń wá.

Agbègbè tí ẹ̀rọ ń ráhùn lé lórí, àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ló fà á. Wọ́n pín ayé sí mẹ́fà: Amẹ́ríkà àti Kánádà ni 1, Yúróòpù, Japan àti South Africa wà ní 2, Nàìjíríà wà ní 5 pẹ̀lú Íńdíà àti Rọ́ṣíà. Ohun tí wọ́n ń sá fún ni pé kí àwo fíìmù tó ti kúrò ní sinimá Amẹ́ríkà má dé ìlú mìíràn kí fíìmù fúnra rẹ̀ tó débẹ̀. Ó ye mi. Ṣùgbọ́n kátúùnù tí wọ́n ti fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n láti 2006 sí 2007, sinimá wo ló fẹ́ bà jẹ́? Ẹ wá wo ilé tiwa: Àǹtí mi ní 1, èmi ní 2, Màámi ní 5. Ẹbí kan náà, agbègbè mẹ́ta.

Láptọ́ọ̀pù ni mo kọ́kọ́ sá lọ bá. Mo ti àwo bọ̀ ọ́, ó béèrè bóyá mo fẹ́ yí dráífù, ìyẹn ibi tó ti ń ka àwo, sí agbègbè 1, ó wá kìlọ̀ pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni wọ́n lè yí i láyé, ibi tí ó bá dúró sí lẹ́yìn ìyẹn ló máa wà títí. Mo yára tẹ "Cancel". Agbègbè 2 ni gbogbo àwo mi yòókù, n kò ní torí 18 sọ wọ́n di aláìríran. Mo fi VLC, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń gbé fíìmù, dán an wò, torí ó máa ń ríbi gbà lára àwọn dráífù kan. Tèmi ń kùn ṣáá ni, kò sí àwòrán.

Ni mo bá padà sí ẹ̀rọ DVD. Mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, mo ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sórí Google. Mo wá rí i pé àwọn tó ṣe irú ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ nínú wọn, tí èèyàn lè fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ṣí látorí rìmóòtù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ẹ̀rọ kan yàtọ̀ sí ti èkejì, àwọn mìíràn ò sì ní rárá. Tèmi ní. Ẹ̀ẹ̀kíní, mo gbàgbé àwo sínú rẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kejì, bátìrì rìmóòtù ti ń kú, kò gbọ́ ọ̀kan nínú nọ́ńbà tí mo tẹ̀. Mo pààrọ̀ bátìrì, mo ṣí àtẹ ẹ̀rọ sílẹ̀ lófìfo, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà náà, mò ń pè é sókè kí n má baà ṣìnà.

"Ọfọ̀ wo lò ń pè sí i lára yẹn?" Màámi béèrè.

Nọ́ńbà 2 kékeré yọ ní igun tẹlifíṣọ̀n. Mo tẹ 0, ìyẹn ni pé gbogbo agbègbè kó wọlé. 2 di 0. Mo yọ ẹ̀rọ náà lára iná, mo kà dé ọgbọ̀n, mo tàn án, mo fi àwo kìíní sí i. Orin ètò náà gbalé kan, àwọn ìbejì pariwo.

Ariwo ayọ̀ kọ́. Dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀. Homer, tí gbogbo ayé mọ̀ sí aláwọ̀ ìyeyè, funfun bí ẹfun.

"Ẹ̀n-ẹ́n, WNTV!" Màámi pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn nìyẹn, bí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ṣe dé Ìbàdàn ní 1959, bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe ń dúró lójú fèrèsé olówó láti wò ó. Táyé ò gbà pé tẹlifíṣọ̀n tí kò láwọ̀ wà rí. Mo jẹ́ kí wọ́n máa bá a lọ, mo ń wá ohun tó fà á.

Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù tún ni. Àwòrán àwo Amẹ́ríkà ní ìlà 480, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ọgbọ̀n àwòrán hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ọ̀dọ̀ wa níbí, ìlà 576 ni, àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ mi sí PAL, ìyẹn ti ibí, látọjọ́ tí mo ti rà á. Mo wọ inú ètò rẹ̀, mo rí "TV Type", mo yí i sí "Auto", àwọ̀ sì padà. Gbogbo wàhálà yẹn kò gbà ju títẹ bọ́tìnnì mẹ́rin lọ.

N kò tíì jókòó dáadáa tí Táyé fi gba rìmóòtù. Ó ní nǹkan dúdú wà lápá ọ̀tún àti òsì, ó tẹ "Zoom". Orí Marge parẹ́. Ẹni tó bá mọ Marge mọ irun aró tó ga bí òpó tó ń gbé kiri. Gbogbo rẹ̀ ti lọ, ojú nìkan ló kù. Mo ní kó dá a padà. Títí di oṣù Kejì 2009 ni ètò náà fi jẹ́ onígun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, nǹkan dúdú yẹn sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò fẹ́ gbọ́ àlàyé bẹ́ẹ̀. Mo gba rìmóòtù.

Àwo kejì lọ geere. Ẹ̀kẹta dákú láàárín ìpín kejì rẹ̀, ẹnu Homer là sílẹ̀, kò pa á dé. Mo gbé e síwájú iná: àmì ìka, àti ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan. Màámi ní kí n fi ọṣẹ ìfọyín pa á. N kò kọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ abọ́ ni mo kọ́kọ́ lò, mo fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí, tààrà. Ẹ má ṣe yí aṣọ náà po lójú àwo o. Bí orin ṣe ń yí lójú àwo ayé àtijọ́ ni àkọsílẹ̀ ṣe ń yí nínú tibí náà. Ìlà tó bá dábùú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan, èyí tó bá bá a rìn ló ń pa á. Nígbà tí mo dá a padà, Homer pa ẹnu dé, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ọṣẹ ìfọyín ò tún kàn wá mọ́.

Màámi ò gbọ́ òyìnbó púpọ̀, torí náà àwọn ìbejì ni ògbufọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bí wọn nínú ni pé Bart ń pe bàbá rẹ̀ lórúkọ. "Homer ló pè é? Bàbá tó bí i lọ́mọ?" Nígbà tí Homer wá fún ọmọ náà lọ́rùn, wọ́n ní ìyẹn pọ̀ jù, ṣùgbọ́n a rí i pé inú wọn rọ̀ díẹ̀.

Ìpín kẹta ló mú wọn. Marge bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe káfíńtà, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ò gbà pé obìnrin lè kan pákó. Ó bá fi Homer síwájú: Marge ń ṣiṣẹ́, Homer ń gba ìyìn. Kẹ́hìndé ń túmọ̀ ọ́ bọ̀, ó dúró.

"Daddy, kí ni Yorùbá ń pe carpenter?"

"Káfíńtà."

"Ṣé kì í ṣe òyìnbó náà nìyẹn?"

Màámi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti tẹ̀ síwájú lórí àga. Wọ́n ní kí a padà sẹ́yìn, kí wọ́n tún wo ibi tí àwọn èèyàn ti ń bọ Homer lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, jẹ́jẹ́, bíi pé àwọn nìkan ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀: "Èmi ni mo ra páànù ilé Mọ́kọ́lá. Èmi ni mo ń dáná fún àwọn bíríkìlà. Títí dòní, ilé bàbá yín ni wọ́n ń pè é." Ọdún márùndínláàádọ́ta ni mo ti dáyé, n kò gbọ́ ọ rí.

Lóru, tí gbogbo ilé ti sùn, mo wá yan ohùn àwọn tó kọ ètò náà. Kátúùnù ń lọ nísàlẹ̀, Al Jean àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀fẹ̀ tí àwọn fúnra wọn kọ lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Mo wo ìpín Marge lẹ́ẹ̀kan sí i bẹ́ẹ̀. Ó dùn mọ́ mi, àmọ́ ojú mi ò kúrò lára àwọn pákó yẹn, páànù Mọ́kọ́lá ló sì wà lọ́kàn mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Màámi ń dì ẹrù. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní àwo Marge, àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ wò ó. Mo ní agbègbè 5 ni Ìbàdàn o, Màámi, bóyá ni yóò ṣiṣẹ́. Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí ebi ń pa, wọ́n di àwo náà sínú gèlè.

Lọ́jọ́ tí wọ́n délé ni wọ́n pè mí. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní Dùgbẹ̀ láìmọye ọdún sẹ́yìn gbé e, láwọ̀, láìbéèrè nǹkan kan. Mo ń gbọ́ orin ètò náà lẹ́yìn ohùn wọn, àti ẹ̀rín àwọn ìyá.

Páálí 18 ti wà láàárín 17 àti 20 báyìí, oògùn ikọ́ sì ti kó lọ sí kíṣìnì. Àwo mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀.