Bí mo ṣe kọ orúkọ àwọn ẹyẹ ẹ̀bá Kàbà sílẹ̀

Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan tí mo wà, a kì í sọ̀rọ̀ òṣèlú, a kì í polówó ọjà. Ẹyẹ là ń sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wà níbẹ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ báǹkì wà níbẹ̀, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Abẹ́òkúta náà sì wà níbẹ̀, tí kò sí àárọ̀ tí kì í fi ohùn ránṣẹ́ láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. "Ẹ gbọ́ tòní o," ni yóò wí, a ó wá máa gbọ́ ẹyẹ tó ń ké, pẹ̀lú ìró ìgbálẹ̀ ẹni tó ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Mi ò tíì fojú kan ìkankan nínú wọn rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó mi bímọ, kí àwọn ẹbí tó gbọ́ tán ni àwọn wọ̀nyí ti ń kí mi kú ewu ọmọ, ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n sọ ọmọ náà ní Àlùkò.

Iṣẹ́ Nigerian Bird Atlas Project ló kó wa jọ. Ilé ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis ní Jos ló wà nídìí rẹ̀, ọdún 2015 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé ìlànà tí àwọn ará South Africa ti ń lò láti 2007. Wọ́n fi ìlà pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí onígun mẹ́rin kéékèèké tí wọ́n ń pè ní pentad, òró àti ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi kìlómítà 9. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè mú ọ̀kan, kó rìn ín, kó sì kọ gbogbo ẹyẹ tó bá rí tàbí tó gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀. Onígun tí ẹnì kan bá ti rìn á ní àwọ̀ lórí máàpù. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò rìn á ṣófo.

Ọ̀kan tó ṣófo wà létí Kàbà, nílẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi, níbi tí oko kajú bàbá mi wà. Olùkọ́ kan tó ń gbé Ìlọrin ló rí i lórí máàpù, ó sì kọ ọ́ sáàárín ẹgbẹ́ pé: "Ẹ̀yin ará Òkun, ṣé ẹyẹ kì í fò gba ọ̀dọ̀ yín kọjá ni?" Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kò burú, mo máa rìn ín.

Mi ò ní báínọ́kúlà. Olùkọ́ yìí kan náà ló wébíìlì ògbólógbòó kan tó ní sí mi, awakọ̀ tó ń gba ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀ ló gbé e dé gáréèjì Kàbà. Mo béèrè iye tí kí n san, ó ní kí n má sọ ìsọkúsọ, kí n ṣáà fi kajú yíyan ránṣẹ́ bí àkókò rẹ̀ bá dé. Ojú kan nínú báínọ́kúlà náà ti ní èérí tí kò ṣeé nù kúrò. Kò dí mi lọ́wọ́, ojú kejì mọ́ gaara.

Ọ̀rọ̀ ààbò ló gba àkókò jù. Ká má tan ara wa, ìgbẹ́ apá ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe ibi tí èèyàn ń dá wọ̀ mọ́. Ìjínigbé ti sọ ọ́ di pé àgbẹ̀ pàápàá ń wẹ̀yìn wò kó tó wọ oko ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó gbé báínọ́kúlà kọ́rùn, tó ń wo orí igi wo orí òrùlé, kí ni ká ní kí ará àdúgbò rò nípa rẹ̀? Nítorí náà mo kọ́kọ́ lọ bá olórí àdúgbò, mo fi àwòrán ẹyẹ inú fóònù mi hàn án, mo ṣàlàyé. Òun ló fà mí lé Bàbá ọdẹ kan lọ́wọ́, àgbàlagbà tó mọ gbogbo ipa ẹsẹ̀ tó wà láàárín àwọn oko yẹn.

"Òkun o, Bàbá," ni mo fi kí i.

"Òkun, ọmọ mi. Wọ́n ní ẹyẹ lo fẹ́ kà. Ṣé o fẹ́ rà wọ́n ni?"

Mo ní rárá o, orúkọ wọn nìkan ni mo fẹ́ kọ. Ó wò mí, ó ní iṣẹ́ tó rọrùn ni, òun á bá mi lọ. Àwọn ará ẹgbẹ́ náà ti pinnu tiwọn. Òṣìṣẹ́ báǹkì tó wà ní Èkó ní kí n fi ibi tí mo bá wà hàn òun lórí WhatsApp ní gbogbo àkókò tí mo bá fi wà lóko. Bí mo bá dúró lójú kan pẹ́, á kọ̀wé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí wàhálà o?" Èmi á fèsì pé kò sí, ẹ̀gà ni mò ń wò.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí, fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀. BirdLasser ni ètò tí à ń lò lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Nílé ni kí o ti sí i, níbi tí dátà ti dáa, kí o forúkọ sílẹ̀, kí o wá onígun tí o fẹ́. Tí o bá dóko tán, kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́, GPS fóònù ló ń lò. Bí o bá rí ẹyẹ, o tẹ lẹ́tà mélòó kan nínú orúkọ rẹ̀, o fọwọ́ kàn án, aago àti ibi tí o dúró sí á wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ tó wà níbẹ̀, nítorí náà mo ti kọ díẹ̀ sẹ́yìn ìwé kékeré kan: elúlùú ni Senegal Coucal, kannakánná ni Pied Crow, lékèélékèé ni Cattle Egret. Kí káàdì kan, ìyẹn àkọsílẹ̀ ẹyẹ onígun kan, tó lè pé, ó kéré tán wákàtí 2 lo gbọ́dọ̀ fi wá ẹyẹ kiri, kí o sì dé gbogbo oríṣi ibi tó wà nínú onígun náà: oko, etí odò, àárín ilé, ẹsẹ̀ òkè. Bí o ṣe rí wọn tẹ̀ léra ni kí o ṣe kọ wọ́n. Lẹ́yìn wákàtí 2 yẹn o ṣì lè máa fi ẹyẹ tuntun kún un títí ọjọ́ 5 á fi pé.

Ẹyẹ kan kì í kéré jù láti kọ. Èyí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́. Gbogbo wọn ń wá èyí tó ṣọ̀wọ́n, wọ́n á sì fo ológoṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, ológoṣẹ́ tí a kọ lónìí ló máa jẹ́ ká mọ̀ bó bá dínkù lọ́la. Adìyẹ nìkan ni kò sí níbẹ̀, Bàbá sì bínú sí ìyẹn díẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ilẹ̀ tutù, elúlùú sì ni ẹyẹ àkọ́kọ́ tó wọlé, nínú igbó kékeré lẹ́yìn ilé Bàbá. Wọ́n ní òjò tí elúlùú bá pè, orí ara rẹ̀ ní í rọ̀ lé. Tiwa kò ṣe nǹkan kan fún un, ó dákẹ́ nígbà tó yá, àdàbà gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwòdì tẹ̀ lé e, ó ń fò yí po lórí oko tí wọ́n sun kù. Lẹ́yìn náà kannakánná, alápàáǹdẹ̀dẹ̀, olongo nínú koríko, àparò tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ tí a kò rí i. Lékèélékèé ń tẹ̀ lé màlúù àwọn Fúlàní, láìpẹ́ wọn á máa lọ sí òkè ọya bí òjò bá ti ń di gidi.

Ibi tí mo pẹ́ sí jù ni ìdí ọ̀pẹ kan lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ẹ̀gà ti bó imọ̀ rẹ̀ títí ó fi ku egungun, ilé wọn sì rọ̀ dirodiro kárí rẹ̀. Mo ti ń kọjá lábẹ́ ọ̀pẹ yìí láti kékeré, mi ò dúró wò ó rí. Akọ ẹ̀gà, orí dúdú, ẹyinjú pupa, ara àwọ̀ ìyeyè, bà sórí imọ̀ kan, ó fi ẹnu gé etí ewé, ó sì fò. Ewé náà ya gbọọrọ tẹ̀ lé e. Ó gbé e dé ẹ̀ka, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó kì í bọ abẹ́, ó fà á yọ lódì kejì. Òrùka ló kọ́kọ́ ń fi hun. Inú òrùka yẹn ló máa dúró sí, tí á máa hun síwájú, tí á máa hun sẹ́yìn, títí á fi bo ara rẹ̀. Èyí tó ti parí tirẹ̀ rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó dorí kodò, ó ń gbọn ìyẹ́ apá, ó ń pariwo. Abo kan bà, ó wọ inú ilé náà lọ, a ń rí i tó ń mì, ó ń fa ibí ó ń fa ọ̀hún wò. Ó jáde, ó fò lọ láì bojú wẹ̀yìn.

"Ìyàwó kọ ilé," ni Bàbá wí.

Bí ilé náà bá gbẹ tí kò rí abo tó gbà á, akọ fúnra rẹ̀ ni yóò tú u dànù, yóò sì hun òmíràn. Mo ya fídíò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. Ìyá Abẹ́òkúta fi ohùn dáhùn pé: "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kó lọ tún un hun, kò jọ ọ́ lójú ni."

Nínú oko kajú ni ìjà ti ṣẹlẹ̀, ìjà orí WhatsApp. Ohùn kan ń jáde látorí igi máńgòrò tó wà láàárín oko náà, kíkankíkan, bí ẹni tó ń fi èèyàn ṣẹlẹ́yà. Mi ò rí ohun tó ń ké. Mo gba ohùn náà sílẹ̀, mo rìn lọ sí ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, mo fi ránṣẹ́. Òṣìṣẹ́ báǹkì ní ọ̀bọ ni. Olùkọ́ ní kì í ṣe ọ̀bọ, àgbìgbò ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn fà á. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà ní Jos, ọmọdé jù lọ nínú wa, kò dá sí i. Ó lọ sórí xeno-canto, ojúlé ohùn ẹyẹ tí àwọn kan ní Netherlands dá sílẹ̀ ní 2005 tí ẹnikẹ́ni lè gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ó mú ohùn kan wá, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Kò yàtọ̀ rárá: Western Plantain-eater. Bàbá tẹ́tí sí méjèèjì lórí fóònù, ó ní ẹyẹ náà ni, pé èso ló ń jẹ, pé kì í dá rìn, ká dúró, á fò. A dúró. Ó fò lóòótọ́, àwọn méjì, ara eérú, ìrù gígùn, irun lórí, ẹnu àwọ̀ ìyeyè, funfun sì yọ lápá wọn. Mo tẹ̀ ẹ́ wọlé. Títí di òní, bí òṣìṣẹ́ báǹkì bá fẹnu kan ẹyẹkẹ́yẹ, ẹnì kan á béèrè bóyá kì í ṣe ọ̀bọ.

A dé pápá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé kan, níbi tí Yellow Wagtail, ẹyẹ kékeré kan, ti ń gbọn ìrù, tó ń sáré kiri lórí koríko. Ilẹ̀ Yúróòpù nirú wọn ti ń wá nígbà òtútù ibẹ̀, wọ́n á gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, wọ́n á sì tún gba ibẹ̀ padà. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń lé e kúrò lójú ọ̀nà.

Mo ti fẹ́ gbàgbé ilé ìpẹran. Bàbá ló ní ká yà níbẹ̀, ká lọ wo igún. Kannakánná wà níbẹ̀, àwòdì wà níbẹ̀. Igún kò sí. Alápatà àgbà kan ní, "Ẹ̀yin ń wá igún? Òkúta là ń fi lé wọn nígbà tí mo wà lọ́mọdé." Ó na ọwọ́ sí òrùlé páànù: ibẹ̀ ni wọ́n máa ń tò sí. Láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo àwọn ẹ̀dá, ti fi igún tiwa yìí, Hooded Vulture, sára àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kó run pátápátá. Májèlé ń pa wọ́n, àwọn ènìyàn sì ń pa wọ́n tà fún oògùn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ẹyẹ tí kò sí sínú BirdLasser, kò sí àyè fún un. Mo sọ ọ́ fún àwọn ará ẹgbẹ́, gbogbo wọn dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀rẹ́ kan tó ń gbé Sókótó fi àwòrán ránṣẹ́: igún mẹ́ta lórí ògiri ilé ìpẹran tiwọn. Mo fi han Bàbá. Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e jìnnà sójú, ó tún gbé e sún mọ́ ọn. Ó ní kí n bi í bóyá wọ́n ń bímọ níbẹ̀.

Fífi káàdì ránṣẹ́ kò ní wàhálà: nígbà tí mo délé tí dátà dáa, mo tẹ̀ ẹ́ kan, ó lọ. Àwọn ẹyẹ náà lé díẹ̀ ní ogójì. Olùkọ́ ló kọ́kọ́ rí i tí onígun náà ní àwọ̀ lórí máàpù, ó ya àwòrán rẹ̀, ó fa àmì yí i po, ó kọ ọ́ pé: "Ẹyẹ ti ń fò ní Kàbà o!" Mo ti fi kajú rẹ̀ ránṣẹ́ láti gáréèjì. Ó ní àwọn ọmọ ilé rẹ̀ ti jẹ ẹ́ tán kí òun tó dé láti ibi iṣẹ́.

Onígun tó kàn, lápá Ìyàrà, ló kù báyìí. Bàbá ti gbà láti bá mi lọ bí mo bá ra bátìrì tuntun sí tọ́ọ̀ṣì òun, nítorí òwìwí àti àáṣẹ́ kò sí nínú káàdì wa, òun sì mọ ibi tí wọ́n ń bà sí. Òṣìṣẹ́ báǹkì ní òun kò lè máa jí lóru tìtorí ibi tí mo bá wà. Ìyá Abẹ́òkúta ní òun kì í kúkú sùn púpọ̀, kí wọ́n gbé iṣẹ́ yẹn fún òun.