Bí mo ṣe ṣí DVR kámẹ́rà àtijọ́ tó ń bèèrè Internet Explorer

DVR náà, ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán kámẹ́rà sílẹ̀, ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ojú ewé tí a fi ń ṣètò rẹ̀ ló ní wàhálà: ActiveX, irú plugin kan (ètò kékeré tí a ń fi kún browser), ló ń bèèrè, Chrome àti Firefox kò sì gbà á. Internet Explorer tó gbà á ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àmọ́ Microsoft fi IE mode, tó ń ṣí ojú ewé bí Internet Explorer ṣe ń ṣí i, sínú Edge, browser wọn, orí Windows, wọ́n sì ní yóò wà títí di ọdún 2029, ó kéré tán.

Nínú Settings Edge, mo ṣí Default browser. Mo yan Allow níbi “Allow sites to be reloaded in Internet Explorer mode”, mo sì tẹ Restart. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ Add lábẹ́ Internet Explorer mode pages, mo kọ àdírẹ́sì DVR mi, http://192.168.1.20/, síbẹ̀ (ẹ fi ti yín sípò rẹ̀). Ọjọ́ 30 péré ni Edge fi ń rántí àdírẹ́sì yìí. Bí DVR bá kọ̀ láti ṣí lẹ́yìn oṣù kan, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ó kù kí Windows gba plugin láyè. Mo tẹ Windows àti R, mo kọ inetcpl.cpl, mo lọ sí Security, Trusted sites, Sites. Mo yọ àmì kúrò níwájú “Require server verification”, torí DVR yìí kò ní https, mo wá fi àdírẹ́sì rẹ̀ kún un. Nínú Custom level, mo fi “Download unsigned ActiveX controls” sí Prompt. Ẹ jọ̀ọ́, Trusted sites nìkan ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹni tó bá ṣe é lábẹ́ Internet ti ṣílẹ̀kùn kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ojú ewé èyíkéyìí.

Mo ṣí ojú ewé náà, mo tẹ Install, mo pa Edge, mo tún un ṣí. Bí ó bá ṣì ń bèèrè plugin tí ẹ ti fi sí i, ẹ lọ sí Advanced nínú inetcpl.cpl kan náà, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú “Enable 64-bit processes for Enhanced Protected Mode”, kí ẹ sì pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tàn. Plugin 32-bit kò lè ṣiṣẹ́ nínú ètò tó ń ṣiṣẹ́ ní 64-bit.

Ètò nìkan ni mo ń fi plugin ṣe. VLC, ètò tí a fi ń wo fídíò, ló dára jù fún wíwo kámẹ́rà: Ctrl+N, kí ẹ kọ rtsp://orúkọ:ọ̀rọ̀aṣínà@192.168.1.20:554/, kí ẹ fi ìyókù tó wà nínú ìwé DVR yín parí rẹ̀, torí kò dọ́gba láàárín àwọn tó ń ṣe é. Bí @ bá wà nínú ọ̀rọ̀ aṣínà, %40 ni kí ẹ kọ dípò rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní wọlé.

Bí ẹ bá fẹ́ máa wò ó láti ìta, VPN (ọ̀nà àdáni tó ní ààbò tí a ń gbà wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé) ni kí ẹ gbà wọlé. Ẹ má ṣí port 80 (ẹnu ọ̀nà ojú ewé DVR) lórí router, kí ẹ sì pa UPnP, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣí port, nínú DVR, torí ó lè bá yín ṣí i láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.