Ẹ Yan Irúgbìn Ẹ̀pà Tí Yóò Gbó Kí Òjò Tó Dá

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ̀pà olóṣù mẹ́rin tí ẹ gbìn ní ìparí oṣù keje, ó di ìparí oṣù kọkànlá kó tó gbó, òjò á sì ti dá. Ilẹ̀ á gan, ọmọ rẹ̀ á hunjọ, òróró inú rẹ̀ kò ní tó nǹkan.

Ní Kánádà, òtútù ló ń lé àgbẹ̀ tiwọn: irúgbìn tí wọ́n ń fún òróró rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbó kí yìnyín tó bá a lóko. Keith Downey àti Baldur Stefansson, àwọn onímọ̀ irúgbìn níbẹ̀, fi ọ̀pọ̀ ọdún yan rapeseed, irúgbìn olóròóró kan, títí ó fi di canola, èyí tí òróró rẹ̀ dára fún jíjẹ. Ọdún 1974 ni Stefansson gbé irúgbìn canola kan tí wọ́n ń pè ní Tower jáde. Èyí tó wù mí jù ni ọgbọ́n Downey: wọ́n á gé kóró kínkín kan sí méjì, wọ́n á yẹ òróró ìdajì kan wò, wọ́n á sì gbin ìdajì tí ọlẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀pà kò gba ẹ̀rọ. Ẹ ya ebè díẹ̀ sọ́tọ̀. Tó bá pé ọjọ́ 85, ẹ hú wọn ní ìdí kọ̀ọ̀kan, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Ẹ pa márùn-ún lára ìdí kan, kẹ́ ẹ wo inú èèpo rẹ̀ dáadáa. Tó bá ṣì funfun, kò tíì gbó. Tó bá ti dúdú rẹ́súrẹ́sú, ó ti gbó. Ìdí tí mẹ́rin nínú márùn-ún bá ti dúdú ni kẹ́ ẹ mú. Èyí tó ràn, tí ewé rẹ̀ ń pọ́n, ẹ má mú un, ì báà so.

Oyin ló ń da ẹ̀gúsí pọ̀ lóko, ṣùgbọ́n òdòdó ẹ̀pà ń dá gbọ́ tara rẹ̀, ọmọ sì máa ń jọ ìyá. Irúgbìn àdàlù ọjà ni yíyàn yìí wúlò fún jù. Irúgbìn ẹ̀pà tí wọ́n ń pè ní Samnut 24, tó ń gbó láàárín ọjọ́ 80 sí 90, ẹ ṣáà má jẹ́ kó bá òmíràn dà pọ̀.

Ẹ sá a títí yóò fi máa dún nínú èèpo bẹ́ ẹ bá mì ín. Ẹ̀pà tó tutù á bu, májèlé inú èébu náà kò ṣeé sè kúrò. Ẹ̀yin ìyá ilé, mo bẹ̀ yín, ẹ má pa á sílẹ̀: inú èèpo ni kó wà di ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa gbìn ín. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ gbìn ín sí igun kan lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ tún yàn.