Omi táǹkì ẹja di àwọ̀ ewé: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí iná UV

Ìbéèrè: Omi táǹkì mi ti di àwọ̀ ewé pátápátá, ẹja ò hàn mọ́. Mo ń tan iná UV tọ̀sán-tòru, síbẹ̀ omi ò mọ́. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Iná UV jẹ́ gílóòbù inú ẹ̀rọ tí omi táǹkì ń gbà kọjá. Kì í lé algae kiri, ìyẹn àwọn ohun alààyè tíntìntín tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé. Èyí tí omi bá gbé gba ẹ̀gbẹ́ gílóòbù kọjá nìkan ló ń rí mú. Ó ń ba DNA rẹ̀ jẹ́, kò sì ní lè bí sí i mọ́. Nítorí náà, ìṣàn omi ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí pọ́ǹpù bá le jù, omi á ti sá kọjá kí iná tó ràn án dáadáa. Bó bá sì falẹ̀ jù, èyí tó ń bí sí i nínú táǹkì á pọ̀ ju èyí tí iná ń pa lọ. Ẹ gbé ike lítà kan sẹ́nu rọ́bà tí omi ń gbà jáde, kí ẹ fi aago sí i. Bó bá kún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, lítà 360 ló ń kọjá ní wákàtí kan. Ẹ wá fi wé ohun tí ìwé ẹ̀rọ yín kọ. Ẹ rí i pé omi gba inú asẹ́ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ iná, torí ìdọ̀tí máa ń ṣíji bo algae.

Bí ìṣàn bá dáa, ẹ yọ plọ́ọ̀gì, kí ẹ tú ẹ̀rọ náà. Túùbù kan wà láàárín gílóòbù àti omi. Quartz ni wọ́n fi ṣe é, nítorí gíláàsì lásán kì í jẹ́ kí UV-C, ìyẹn irú UV tó ń pa algae, kọjá. Bí nǹkan yíyọ̀ tàbí ẹfun omi bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, iná ò dé ọ̀dọ̀ omi nìyẹn. Ẹ fi fíníígà rẹ ẹ́, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún, kí ẹ sì fi omi ṣàn án. Gílóòbù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ni agbára wọn ti ń lọ tán tí wọ́n bá ti tàn fún nǹkan bí ọdún kan láìsinmi. Á ṣì máa tàn búlúù o! Búlúù yẹn kọ́ ló ń pa algae. Ojú ènìyàn ò lè rí UV-C.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá gún, omi sábà máa ń mọ́ gaara láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ìbéèrè: Omi ti mọ́, àmọ́ ara gíláàsì àti òkúta ṣì ní àwọ̀ ewé.

Ìdáhùn: Iná UV kò lè kàn án níbẹ̀. Ẹ ha á kúrò.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè ṣí ẹ̀rọ UV díẹ̀ kí n wò ó bóyá gílóòbù ń tàn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní ojú kékeré tí ẹ lè gbà rí ìmọ́lẹ̀ láìṣí i. Ibẹ̀ ni kí ẹ wò. UV-C kì í dunni lójú ẹsẹ̀, ìyẹn gan-an ló burú. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ni ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín, tí omijé á máa dà, bí ẹni pé iyanrìn wọ̀ ọ́. Ó máa ń jó awọ ara náà. Fún ìdí kan náà, ẹ má ju gílóòbù UV tí kò ní àpótí sínú táǹkì láé. Ojú ẹja náà ojú ni.

Kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ omi tàbí tú ẹ̀rọ, plọ́ọ̀gì ni kí ẹ yọ, kì í ṣe kí ẹ kàn pa súwíìsì. Ẹ jẹ́ kí wáyà rọ̀ wálẹ̀ ju ibi tí ẹ ki plọ́ọ̀gì bọ̀ lọ, kí omi tó bá ń tọ̀ ọ́ lè kán sílẹ̀ kó má bàa wọ iná. Bí gílóòbù bá fọ́, mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀: ẹ ṣí fèrèsé, ẹ kó àwọn ọmọdé jáde, kí ẹ sì fi páálí kó èérún rẹ̀. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, ẹ má sì fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fà á.

Ìbéèrè: Ṣé iná UV kò ní pa bakitéríà rere tó ń fọ omi mọ́?

Ìdáhùn: Inú fóòmù asẹ́ àti òkúta ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, kì í ṣe inú omi. Ṣùgbọ́n ẹ pa iná náà bí ẹ bá ń da oògùn ẹja tàbí bakitéríà inú ìgò sí i, nítorí ó lè ba oògùn mìíràn jẹ́.

Ìbéèrè: Bí mo bá ti pa iná UV, omi á tún di àwọ̀ ewé. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Oúnjẹ algae ṣì wà níbẹ̀. Oúnjẹ ẹja tó ṣẹ́kù àti ìgbẹ́ ẹja ló ń di nitrate àti phosphate. Èyí tí ẹja lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì ni kí ẹ máa fún wọn. Ẹ máa pààrọ̀ bí ìdá kan nínú mẹ́rin omi lọ́sẹ̀, kí ẹ dín iná táǹkì kù sí wákàtí 6 sí 8 lójúmọ́, kí ẹ sì gbé táǹkì kúrò níbi tí oòrùn ti ń wọlé.

Algae tó kú yẹn náà á jẹrà, á sì máa fa atẹ́gùn inú omi. Bí ẹ bá rí ẹja tó ń yọ ẹnu sókè omi, tó ń mí gúlegúle, ẹ tan pọ́ǹpù atẹ́gùn kíá, kí ẹ sì pààrọ̀ omi díẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.